Kíka staff lójú ẹsẹ̀ lórí gìtá báàsì: ibo ni ẹni tó mọ solfa yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ìpìlẹ̀Orin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olórin. Gìtá báàsì olókùn mẹ́rin ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ solfa, etí mi sì máa ń tètè gbọ́ kọ́ọ̀dù. Àmọ́ staff (ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ nóòtì sí) ni gbogbo ìwé tí ọ̀gá akọrin ń pín fún wa báyìí, wọ́n sì fẹ́ ká máa kà á lójú ẹsẹ̀ níbi ìdánrawò. Bí mo bá jókòó ti báà kan (ìpín orin láàárín ìlà méjì tó dúró), mo lè ka ìlà láti ìsàlẹ̀ títí n ó fi mọ orúkọ nóòtì, ṣùgbọ́n bí orin bá ti gbéra, ó ti fi mí sílẹ̀ nìyẹn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ máa kọ lẹ́tà sórí nóòtì kọ̀ọ̀kan ni? Solfa tí mo mọ̀ ńkọ́, ṣé ó máa ràn mí lọ́wọ́ àbí ó máa dí mi lọ́wọ́? Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rẹ̀ o.

OkùnMẹ́rin

Àbúrò, má kọ lẹ́tà sórí nóòtì. Ojú máa ń yá sí lẹ́tà ju nóòtì lọ. Lẹ́tà lo máa máa kà, ibi tí orí nóòtì dúró sí kò sì ní wọ̀ ọ́ lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé mìíràn wá, o padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí nóòtì kan bá ń dà ọ́ láàmú ṣáá, fi pẹ́ńsùlù yí i po, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Má sì máa ka ìlà láti ìsàlẹ̀ mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí orin fi ọ́ sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ojú rẹ mọ̀ láìronú ni ibi tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ìwé nígbà tí o kò tẹ̀ wọ́n:

E: orí ìlà àfikún kan ṣoṣo lábẹ́ staff.
A: àlàfo ìsàlẹ̀ pátápátá.
D: ìlà àárín.
G: àlàfo òkè pátápátá.

Fi méjì kún un. Clef báàsì, àmì tó wà níbẹ̀rẹ̀ staff, ní àmì tótó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tó gba àárín wọn kọjá ni F, ìyẹn fret 3 lórí okùn D (fret ni irin tẹẹrẹ tó dábùú ọrùn gìtá). C wà ní àlàfo kejì láti ìsàlẹ̀, fret 3 lórí okùn A. Bí o bá ti mọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, kò sí nóòtì kankan nínú staff tó jìnnà ju ìgbésẹ̀ kan lọ sí ọ̀kan nínú wọn. Wò ó: G tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ A, B wà láàárín A àti C, E wà láàárín D àti F, A òkè jókòó lé G. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, àyè tó wà láàárín nóòtì méjì ni kí o máa wò. Báàsì rọrùn fún èyí ju gìtá olókùn mẹ́fà lọ, torí pé iye kan náà ló wà láàárín okùn kan àti èkejì láti E dé G, kò sí ibi tó ti yí padà. Bí mo bá sọ pé síwájú, ìhà ikùn gìtá ni. Sẹ́yìn ni ìhà orí rẹ̀.

Láti ìlà sí àlàfo tó kàn án, ìgbésẹ̀ kan ni, bíi d sí r. Láti ìlà sí ìlà tó tẹ̀ lé e, bíi d sí m ni: okùn tó kàn lókè, fret kan sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irú ti l sí d, fret méjì sẹ́yìn. Bí d sí f bá ni, fret kan náà lórí okùn tó kàn. Bí ìlà kan bá wà láàárín ìlà méjì tí nóòtì wà, d sí s ni: okùn tó kàn, fret méjì síwájú. Octave, ìyẹn d sí d òkè, máa ń kúrò lórí ìlà bọ́ sí àlàfo, tàbí kó kúrò ní àlàfo gun ìlà. Fo okùn kan, kí o lọ fret méjì síwájú. Ọwọ́ rẹ ti mọ gbogbo ìrìn yìí tẹ́lẹ̀. Ojú ló kù tí yóò bá a mọ̀ ọ́n.

Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, mọ̀ pé gìtá báàsì máa ń dún ní octave kan sísàlẹ̀ ohun tí a kọ. Bí ìwọ àti akọrin báàsì bá ń ka nóòtì kan náà, tìrẹ á dún nísàlẹ̀ tiwọn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, má gbé e gòkè láti bá wọn.

ÌyáAkọrin

Ọmọ mi, solfa kò ní dí ọ lọ́wọ́. Ẹni tó lè gbọ́ nóòtì lọ́kàn kó tó ta á ti ṣáájú ẹni tó kàn ń wá fret. Ohun tí o kò tíì ṣe ni pé kí o so ó mọ́ staff.

Solfa tí à ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni èyí tí John Curwen tún ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti inú iṣẹ́ Sarah Glover. Doh rẹ̀ máa ń ṣí kiri ni, kíì ló ń sọ ibi tó máa jókòó sí. Nítorí náà, kí o tó ta ohunkóhun, wá doh lára àmì kíì, ìyẹn ṣáàpù (♯) tàbí fúláàtì (♭) tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà. Bó bá jẹ́ ṣáàpù, èyí tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún ni t, doh sì wà ní fret kan lókè rẹ̀. Ṣáàpù méjì, F♯ àti C♯: C♯ ni t, D ni doh. Bó bá jẹ́ fúláàtì, èyí tó kẹ́yìn ni f, èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì ni doh fúnra rẹ̀. Fúláàtì mẹ́ta, B♭, E♭, A♭: E♭ ni doh. Fúláàtì kan ṣoṣo kò ní èyí tó ṣáájú, kí o kàn mọ̀ ọ́n sórí pé F ni. Bí kò bá sí àmì kankan, C ni. Lẹ́yìn náà, yọjú wo nóòtì báàsì tó parí orin. Bí ó bá jẹ́ l, minor ni orin náà.

Wàyí o, fún doh ní ìka kan. Ẹ jẹ́ ká mú E♭, torí pé orin ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Fi ìka kejì sí fret 6 lórí okùn A. Doh nìyẹn. Ọmọńdinrín lórí fret 8 ni r. Bọ́ sórí okùn D: ìfábẹ̀lá lórí fret 5 ni m, ìka kejì lórí fret 6 ni f, ọmọńdinrín lórí fret 8 ni s. Lórí okùn G, fret 5 ni l, fret 7 ni t, fret 8 ni doh òkè. Lábẹ́ doh, fret 5 lórí okùn A ni t, fret 8 lórí okùn E ni l, fret 6 sì ni s. Ọwọ́ kò kúrò lójú kan, o ti ní láti s ìsàlẹ̀ dé doh òkè. Gbé gbogbo rẹ̀ lọ síwájú fret méjì, o ti wà ní F.

Ibi kan wà tí solfa ti ń já ènìyàn jù sílẹ̀ lórí staff. Bí orin bá yí kíì padà láàárín, ìwé solfa á kọ ọ́ síbẹ̀, á sì fi nóòtì méjì hàn ọ́, ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí o lè gba orí wọn kọjá. Staff kì í sọ ọ́, àfi bí àyípadà náà bá máa pẹ́. Ohun tí wàá rí kò ju àmì ṣáàpù tàbí fúláàtì tó yọjú lọ. Nínú orin tó wà ní G, bí C♯ bá ń yọjú tó sì ń gòkè sí D, doh ti kó lọ sí D. Bí C kò bá ní ṣáàpù mọ́, ó ti padà sílé. Ìdí nìyí tí orúkọ lẹ́tà kò fi ṣeé sá fún. Máa fi solfa kọ ọ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé A♭ ni fret tí o tẹ̀ ń jẹ́, torí A♭ ni ọ̀gá akọrin máa pè nígbà tó bá ń tún un ṣe.

Àmì tó bá yọjú bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí báà náà fi parí, lórí ìlà tàbí àlàfo tó wà nìkan. Ìlà tó pín báà ló ń fòpin sí i. Bí tie (ìlà títẹ̀ tó so nóòtì kan náà méjì pọ̀ di ọ̀kan) bá gbé nóòtì náà kọjá sí báà kejì, ó gbé àmì náà dání, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ta nóòtì yẹn lẹ́yìn tie, kò ní àmì mọ́. Ojúlówó olórin ń ṣìnà níbí.

BíìtìKòDúró

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó ti sọ̀rọ̀, ibòmíràn ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé òun kò lè ka nóòtì, iye àkókò nóòtì ni wọn kò lè kà. Báàsì tó ta nóòtì tí kò tọ́ lórí bíìtì tó tọ́, orin á ṣì dúró. Báàsì tó ta nóòtì tó tọ́ lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kó dé, onílù àti akọrin á ṣubú lé e.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ẹ bá pín bíìtì crotchet kan sí quaver méjì, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: kí ẹ ta méjèèjì, kí ẹ ta ti àkọ́kọ́ nìkan, kí ẹ ta ti ìkejì nìkan, kí ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá pín in sí semiquaver mẹ́rin, ó di 16. Òpin rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gé páálí sí káàdì 16, kí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí tirẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdákẹ́ rẹ̀. Ẹ po wọ́n pọ̀, kí ẹ to mẹ́rin sílẹ̀: báà 4/4 kan ti délẹ̀. Ẹ fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, sí 50. Ẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ rẹ̀, ẹnu á máa kà á bọ̀: 1-ì-àn-à, 2-ì-àn-à. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ta á lórí C nìkan, fret 3 okùn A. Ẹ tún káàdì pò. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ ti tó, kò sì sí ẹni tó lè há a sórí torí pé kò rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó máa ń bà jẹ́ nìwọ̀nyí. Crotchet tó ní tótó (bíìtì kan ààbọ̀) tí quaver tẹ̀ lé: quaver náà wà lórí «àn» bíìtì kejì, àmọ́ ọwọ́ máa ń yára mú un ṣáájú. Ẹ má dá ẹnu dúró lórí tótó, ẹ pe «2» sókè kí ẹ tó ta «àn». Tie tó kọjá ìlà báà: ìka máa ń fẹ́ tún un ta lórí 1. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ 1 yẹn mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ má ṣe nǹkan kan. Àmì ìdákẹ́ ló burú jù, torí okùn báàsì máa ń dún lọ bí ẹ kò bá pa á. Ìdákẹ́ nóòtì ni, ó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ẹ tú ìka òsì sílẹ̀ díẹ̀ láìmú un kúrò lórí okùn, lórí bíìtì yẹn gan-an. Bó bá jẹ́ okùn tí ẹ kò tẹ̀ ló ń dún, ẹ fi ìka méjì bò ó mọ́lẹ̀, torí ìka kan lè yọ ohùn mìíràn jáde. Minim náà gbọ́dọ̀ pé bíìtì méjì, kó parí síbi tí bíìtì kẹta ti bẹ̀rẹ̀.

6/8 àti 3/4: quaver mẹ́fà ló wà nínú méjèèjì. Bí wọ́n ṣe so ìrù wọn mọ́ra ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, bíìtì méjì ni. Bó bá jẹ́ méjì-méjì, bíìtì mẹ́ta ni. 12/8 jẹ́ bíìtì mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbọ́ agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láti kékeré ti ní in lára. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan ń jẹ́ kí metronome máa dún lórí quaver kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá máa ka 12 títí orí á fi gbóná. Ẹ jẹ́ kó dún lórí crotchet tó ní tótó.

OkùnMẹ́rin

BíìtìKòDúró, òótọ́ lẹ sọ nípa káàdì yẹn, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Mi ò kàn fẹ́ kó fi nóòtì sílẹ̀ dìgbà tí bíìtì bá pé. Kó pín ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́: márùn-ún fún káàdì, márùn-ún fún pípe orúkọ nóòtì láìsí bíìtì, kí ìka máa tẹ fret bí ẹnu ti ń pè é, mẹ́wàá tó kù fún orin tí kò rí rí.

Lórí mẹ́wàá yẹn, òfin kan péré ni: o kò gbọdọ̀ dúró, o kò gbọdọ̀ padà. Bí báà kan bá dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́, fi í sílẹ̀, mú nóòtì àkọ́kọ́ báà tó ń bọ̀. Ẹni tó ń padà lọ tún àṣìṣe ṣe ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti máa dúró, ọwọ́ á sì dúró lọ́jọ́ Sunday. Má ta orin kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, etí ló ń ta á, ojú ti sinmi.

Ojú gbọ́dọ̀ máa ṣáájú ọwọ́. Ẹni tó bá jókòó tì ọ́ lè ràn ọ́ lọ́wọ́: kó fi páálí bo báà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí orin á fi parí. Kí ó kọ́kọ́ bo bíìtì kan péré, kó tó di báà odindi.

Ìpìlẹ̀Orin

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ń gé káàdì. Ìbéèrè méjì. D tó wà ní ìlà àárín, ibi mẹ́ta ni mo ti rí i: okùn D láìtẹ̀ ẹ́, fret 5 lórí okùn A, fret 10 lórí okùn E. Èwo ni kí n mú? Ìkejì, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wo ìwé nígbà tí ojú mi kì í kúrò lára fret?

BáàsìOnígi

Nóòtì kan ṣoṣo kọ́ ló ń sọ ibi tí ẹ máa mú un, gbólóhùn orin tó wà nínú rẹ̀ ni. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá nóòtì tó lọ sísàlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá kọjá A òkè, tó wà lórí ìlà karùn-ún, ìdí orí gìtá lẹ wà, láti fret 1 dé 4: E, F, G lórí okùn E (ṣíṣí, 1, 3), A, B, C lórí okùn A (ṣíṣí, 2, 3), D, E, F lórí okùn D (ṣíṣí, 2, 3), G àti A lórí okùn G (ṣíṣí, 2). B lókè staff ṣì wà ní fret 4. Bí orin bá kọjá ibẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lọ sí fret 5 sí 8. C tó wà lórí ìlà àfikún lókè staff wà ní fret 5 okùn G, ọwọ́ yín á sì tún kan A ìsàlẹ̀ ní fret 5 okùn E. Ẹ mọ ibùdó méjèèjì yìí dáadáa kí ẹ tó wá ìkẹta.

Bó bá di pé ọwọ́ máa ṣí láti ibùdó kan sí èkejì, ẹ wá okùn tí ẹ kò ní tẹ̀ láàárín gbólóhùn náà. Bí D bá ń dún fúnra rẹ̀, ọwọ́ òsì ti ráyè rìn. Ibòmíràn tó dára láti ṣí ni ibi ìdákẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà ìka sí ibi tí ọwọ́ ti ṣí nìkan.

Ní ti ojú: ẹ gbé ìdúró ìwé sí ọwọ́ òsì díẹ̀, kó ga dé àyà, kí ìwé àti ọrùn gìtá lè wà nínú ìwò kan. Àwọn tó ń gbé e sí ọ̀tún tàbí sílẹ̀ máa ń yí orí kiri, wọ́n á sì sọ ìlà nù. Ẹ ta ìró kan ṣoṣo, kí ẹ dijú, kí ẹ wá octave rẹ̀, kí ẹ wá s rẹ̀, kí ẹ wá f rẹ̀. Ní ti ìka òsì (1 ni ìfábẹ̀lá, 4 ni ọmọńdinrín): ìka 1, 2 àti 4 ni kí ẹ lò nísàlẹ̀, nítòsí orí gìtá, kí ìka 3 máa ran 4 lọ́wọ́, bí Franz Simandl ti fi kọ́ àwọn oníbáàsì ńlá. Fret ìsàlẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ tó ń na ìka mẹ́rin síbẹ̀ á rẹ̀ kíákíá, ẹni tí ọwọ́ ń dùn ò sì ní ráyè kàwé.

OkùnMẹ́rin

Mo fara mọ́ ọn títí dé fret 4. Àmọ́ okùn báàsì onígi gùn ju mítà kan lọ, ti gìtá báàsì tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì 34, bíi sẹ̀ǹtímítà 86. Láti fret 5 lọ, ìka kan fún fret kan ni kí àbúrò lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán doh tí ÌyáAkọrin fún un kò ní bọ́ sí i lọ́wọ́.

AyàwòránNóòtì

Ẹ kò tíì sọ ibi tí yóò ti rí ohun tó máa kà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá dúró. Ìwé orin tó ní nóòtì fún ohùn mẹ́rin ni ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín jù. Ẹ wo staff ìsàlẹ̀: ọ̀pá tó kọjú sísàlẹ̀ ni báàsì, èyí tó kọjú sókè ni tenor. Bí orí nóòtì kan bá ní ọ̀pá méjèèjì, ohùn méjèèjì ló ni ín. Ibi tí ohùn báàsì ń dé nínú ìwé báwọ̀nyí bá gìtá olókùn mẹ́rin mu, ó sì kún fún s lọ sí d níparí ìlà, èyí tí etí yín ti mọ̀. Ní ọjọ́ kan, ẹ ka orin kan ní kíì tó ní fúláàtì, ọ̀kan ní kíì tó ní ṣáàpù. Ẹ má mú èyí tí ìjọ ń kọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ ṣí ojú ìwé tí kò sí ẹni tó ń ṣí i.

Àléébù rẹ̀ ni pé crotchet àti minim ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò ní kọ́ yín ní bíìtì tó ta kókó. Fún ìyẹn, ẹ wá ẹ̀kọ́ trombone. Clef báàsì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì kún fún ìdákẹ́ àti tie. Orin cello dára fún ọwọ́ tó ti ń yára. Ṣùgbọ́n cello ń dé C tó wà lórí ìlà àfikún kejì nísàlẹ̀, olókùn mẹ́rin kò sì ní i. Trombone àti cello tún máa ń bọ́ sí clef tenor bí orin bá ga. Bí ẹ bá rí clef tó dà bí lẹ́tà B tó dì mọ́ ìlà kẹrin, C ni ìlà yẹn ń jẹ́ níbẹ̀, ẹ fo ojú ewé náà fún ìsinsìnyí. Lórí IMSLP, ibi ìkàwé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wa àìmọye ìwé tí ẹ̀tọ́ oníǹkan ti tán lórí wọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà fún kíkọ nóòtì, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, á jẹ́ kí ẹ tẹ ìlà báàsì sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí kíì mìíràn, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tà á ni mo wí o, kì í ṣe kí ẹ tó ta á.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4. Àwòrán ìwé lórí fóònù kéré jù, ojú kò lè ṣáájú ọwọ́ nígbà tó jẹ́ báà méjì péré ló ń rí.

ÌyáAkọrin

Kí n fi ti ìdánrawò gan-an kún un. Àwọn aṣèdánwò ABRSM, àjọ ìdánwò orin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń fún ọmọ ní ìdajì ìṣẹ́jú láti wo ìwé kó tó ta á, bóyá ni ọ̀gá akọrin á fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má fi ṣòfò lórí báà àkọ́kọ́. Àmì kíì, kí o wá doh. Àmì àkókò. Ọ̀nà tí orin máa gbà: ibo ni àmì àtúnsọ wà, ṣé àpótí 1 àti 2 wà lókè, ibo ni D.C. (padà sí ìbẹ̀rẹ̀) tàbí D.S. (padà sí àmì) máa dá ọ padà sí, ibo ni coda, ìyẹn ìparí orin, wà. Fi ìka tọ ọ̀nà náà. Lẹ́yìn náà, wá báà tó dúdú jù, tí nóòtì ti sún mọ́ra, kí o fi ẹnu lásán ka bíìtì rẹ̀. Ìyára tí o bá lè fi ka ìyẹn ni ìyára orin náà fún ọ.

Bí o bá rí igi dúdú gbọọrọ tí nọ́ńbà 8 wà lórí rẹ̀, báà mẹ́jọ ni wàá fi dákẹ́. Máa kà á báyìí: 1-2-3-4, 2-2-3-4, 3-2-3-4, kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ máa sọ báà tó o wà fún ọ. Má gbẹ́kẹ̀ lé pé wàá mọ̀ ọ́n nígbà tí soprano bá wọlé, torí wọ́n lè ṣìnà. Bí ìwé bá sì jẹ́ kọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìlà dídà lásán, ìwọ lo máa yan ìrìn báàsì rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá rí C/E, E ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ báàsì ń ta C síbẹ̀, ìlà tí akọrin kọ á sì dàrú.

Ìpìlẹ̀Orin

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Ọ̀kan ló kù. Nínú orin kan tó wà ní E♭, báàsì lọ sí E♭ tó wà lórí ìlà àfikún nísàlẹ̀. Okùn E mi kò dé ibẹ̀. Ṣé kí n tú okùn náà sílẹ̀ ni?

BáàsìOnígi

Ẹ má tú u. Bí ẹ bá tú E sílẹ̀ di D, gbogbo nóòtì orí okùn yẹn ti kó lọ fret méjì síwájú: F di fret 3, G di fret 5. Ohun tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ á tún dàrú. Ẹ gbé e sókè octave kan, sí fret 1 lórí okùn D tàbí fret 6 lórí okùn A. Àmọ́ ẹ má gbé nóòtì kan yẹn nìkan. Bí ìlà náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti B♭ wá sí A♭, G, F, E♭, tí ẹ wá fo E♭ nìkan sókè, ó máa dún bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ wo ibi tí gbólóhùn náà ti bẹ̀rẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìdákẹ́ tàbí lẹ́yìn nóòtì gígùn, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sókè láti ibẹ̀. Ẹ kọ «8» kékeré pẹ̀lú pẹ́ńsùlù sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá bọ́ sórí olókùn márùn-ún lọ́jọ́ iwájú, B ìsàlẹ̀ tí ẹ kò tẹ̀ wà lábẹ́ ìlà àfikún kejì, E♭ yín á sì wà ní fret 4 lórí rẹ̀. Fret 5 ni E, fret 6 ni F, fret 8 ni G, ìyẹn ni pé ọwọ́ tó wà ní ibùdó fret 5 kò ní í sọ̀ kalẹ̀ mọ́ nítorí wọn. Ìṣòro tó máa kọ́kọ́ yọjú ni pé ìka á máa ka okùn láti òkè, á sì máa fi B ṣe E. Ẹ padà sí mẹ́fà tí OkùnMẹ́rin kọ sókè, kí ẹ fi B kún un, kí ẹ sì ta orin bíi márùn-ún tí kò lọ sórí okùn B rárá kí ẹ tó mú èyí tó lọ.